Aró Tí Ń Tàn Lára Sẹ́ẹ̀lì: Bí A Ṣe Dá Àwọn Ọmọ-Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀ Mọ̀

Bí ìnáwó ńlá bá wà nílùú, tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí abẹ́ àtíbàbà, ta ni ó lè fi ojú lásán mọ ará ilé ìyàwó yàtọ̀ sí ará ilé ọkọ? Orí kan ni olúkúlùkù gbé, ẹsẹ̀ méjì ni olúkúlùkù fi ń rìn. Ṣùgbọ́n bí ẹbí ìyàwó bá ti wọ ẹtù, tí ẹbí ọkọ sì wọ àlàárì, ìbéèrè ti parí. Aṣọ ti sọ ohun tí ojú kò lè sọ.

Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi nǹkan bí ogójì ọdún wá fún àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Ara èkúté, ẹranko kékeré tí à ń dẹ pàkúté sí nínú ilé, ni wọ́n ti wá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò béèrè pé, nígbà tí àìsàn ń pa ọmọ ènìyàn, kí ni ti owó àti ọgbọ́n tí à ń ná sórí èkúté? Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ìtàn ni yóò dáhùn rẹ̀.

OHUN ÌJÀ INÚ Ẹ̀JẸ̀

Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti ti ẹranko ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbógun ti àrùn. Ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí à ń pè ní límfósáìtì. Ó kéré, ó rí róbótó, bí a bá sì fi máíkírósíkóòpù wò ó, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Títí di nǹkan bí ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an. Nítorí pé gbogbo wọn jọra lójú, a kà wọ́n sí ohun kan náà.

Síbẹ̀, a ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun ìjà kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1890, ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, Emil von Behring àti Kitasato Shibasaburo, ọmọ ilẹ̀ Japan, fi hàn pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí ó ti bá májèlé àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì jà tí ó sì ṣẹ́gun lè gba ẹranko mìíràn là. Ohun tí ń bẹ nínú omi ẹ̀jẹ̀ náà ni à ń pè ní àǹtíbọ́dì. Ìwà rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kì í di ohunkóhun mú àfi èyí tí a ṣe é fún, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kọ́kọ́rọ́ ti mọ àgádágodo tirẹ̀.

COONS ALÁRÓ

Ẹni tí ó rò ó láti pa ohun ìjà yìí láró ni Albert Coons, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1939 ó ṣe àbẹ̀wò sí Berlin. Bí ó ti ń rìn ní ìgboro, àìsàn ibà kan tí ń ba oríkèé àti ọkàn jẹ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn oníṣègùn gbà pé ìjà láàrin ara àti kòkòrò kan ni ó ń fa ìbàjẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì rí ìjà ọ̀hún lójúkojú nínú ẹran ara. Coons wá bi ara rẹ̀ pé: bí a bá so aró mọ́ àǹtíbọ́dì, ǹjẹ́ kò ní lọ fúnra rẹ̀ sí ibi tí ọ̀tá wà, kí ó sì fi í hàn wá?

Nígbà tí ó padà sí Yunifásítì Harvard, òun àti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aró tí wọ́n kọ́kọ́ lò ń tàn ní àwọ̀ búlúù bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹran ara fúnra rẹ̀ a máa tàn ní búlúù díẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Wọ́n yí padà sí aró tí à ń pè ní fluorescein, tí ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ní ọdún 1941 wọ́n fi hàn pé àǹtíbọ́dì tí a pa láró kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń dì mú tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì ń dì mú. Ní ọdún 1942 wọ́n fi í wá kòkòrò tí ń fa òtútù àyà rí nínú ẹran ara.

Ogun Àgbáyé Kejì dá iṣẹ́ náà dúró. Coons lọ ṣiṣẹ́ ológun ní agbègbè òkun Pacific, ìgbà tí ó padà ni ó tó tún un mú. Ní ọdún 1958 ni àwọn ẹlòmíràn mú aró kan jáde tí ó rọrùn láti so mọ́ àǹtíbọ́dì, èyí tí à ń fi orúkọ gígé pè ní FITC. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀ràn díẹ̀ di iṣẹ́ tí ilé ìwádìí gbogbo lè ṣe.

ÌDÍ TÍ Ó FI JẸ́ ÈKÚTÉ

Ènìyàn kò ṣeé fi ṣe ìdánrawò bí ó ti wù wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdílé ènìyàn tí gbogbo ọmọ rẹ̀ rí bákan náà bí ìbejì. Ti èkúté yàtọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1909 ni Clarence Cook Little ti ń fi akọ àti abo tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà bí ara wọn, ìran lé ìran, títí ìyàtọ̀ fi tán láàrin wọn. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni èkúté dúdú tí à ń pè ní C57BL ti jáde, tí ó tàn kálẹ̀ ní ilé ìwádìí gbogbo ayé. Ní ọdún 1929 ó dá ilé ìwádìí Jackson sílẹ̀ ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine. Nígbà tí iná ńlá jó ibẹ̀ ní ọdún 1947, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ti gba èkúté níbẹ̀ rí kó irú wọn ránṣẹ́ padà, iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fún ẹlòmíràn ni ó kù fún wa.

Ara èkúté wọ̀nyí ni Jacques Miller ti ṣe àwárí rẹ̀ ní London. Ẹran kékeré kan wà ní òkè àyà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ thymus, tí àwọn oníṣègùn kà sí ohun tí kò wúlò. Ní ọdún 1961 Miller kọ ọ́ pé èkúté tí a yọ thymus rẹ̀ kúrò ní kété tí a bí i kò ní agbára láti bá àrùn jà. Ní ọdún 1968, ní Melbourne, òun àti Graham Mitchell fi hàn pé oríṣi límfósáìtì méjì ni ó wà: èyí tí ó ti inú thymus wá, tí à ń pè ní T, àti èyí tí ó ti inú mùdùnmúdùn egungun wá tí ó ń di oníṣẹ́ àǹtíbọ́dì, tí à ń pè ní B.

Báwo ni a ó ṣe mọ T yàtọ̀ sí B nígbà tí ojú wọn jọra? Ní ọdún 1964 Arnold Reif àti Joan Allen ti rí àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì thymus èkúté, tí orúkọ rẹ̀ di Thy-1. Edward Boyse àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní New York rí àwọn àmì mìíràn tí wọ́n pè ní Ly. Ní ọdún 1975, òun àti Harvey Cantor fi àwọn àmì náà fi hàn pé T pàápàá pín sí méjì: olùrànlọ́wọ́, tí ń ti àwọn yòókù síṣẹ́, àti apani, tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀.

Ìṣòro ṣì wà. Omi ẹ̀jẹ̀ èkúté ni wọ́n ti ń gba àǹtíbọ́dì wọ̀nyí, ó kéré, ó ní àdàlù, bí ó bá sì tán, irú rẹ̀ gan-an kì í tún ṣeé rí.

Ẹ̀RỌ TÍ Ó GBA OJÚ LỌ́WỌ́ WÀHÁLÀ

Ní Yunifásítì Stanford, ní California, Leonard Herzenberg ń ṣèwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì èkúté. Kíka sẹ́ẹ̀lì tí ń tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù sú u. Ó gbọ́ pé ní Los Alamos, níbi tí wọ́n ti ṣe bọ́m̀bù átọ́míìkì nígbà ogun, Mack Fulwyler ti ṣe ẹ̀rọ kan ní ọdún 1965 tí ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tóbi tó. Ọgbọ́n inú ẹ̀rọ náà ti ọ̀dọ̀ Richard Sweet wá, ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń fi iná mànàmáná darí ẹ̀kán yíǹkì láti fi kọ̀wé sórí ìwé. Herzenberg gba àwòrán ẹ̀rọ náà, ó gbé e wálé. Òun àti àwọn ẹnjiníà rẹ̀ yí i padà kí ó lè máa wo ìmọ́lẹ̀ dípò títóbi. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1969. Èyí tí ó ń lo iná lésà jáde ní ọdún 1972.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. A ó pa sẹ́ẹ̀lì láró, a ó jẹ́ kí wọ́n máa ṣàn nínú omi tín-ín-rín, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì bí ẹni tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá níwájú lésà, èyí tí ó wọ aṣọ aró yóò tàn yòò, ẹ̀rọ yóò sì wọn bí ó ti tàn tó. Lẹ́yìn náà omi yóò já sí ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ẹ̀kán tí ó gbé sẹ́ẹ̀lì tí à ń wá ni ẹ̀rọ yóò fi iná mànàmáná sí lára, yóò sì yà á sínú ìgò tirẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ni ó lè kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láàyè.

ÀǸTÍBỌ́DÌ TÍ KÌ Í TÁN

Ní ọdún 1975, ní Cambridge, Georges Köhler àti César Milstein pa sẹ́ẹ̀lì èkúté tí ń ṣe àǹtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú. Ọmọ tí ó jáde jogún ìwà méjèèjì: ó ń ṣe àǹtíbọ́dì kan ṣoṣo, tí kò lábùlà, kò sì kú. Herzenberg wà ní ọ̀dọ̀ Milstein fún ìwádìí lẹ́yìn náà. Òun ni ó sọ irú sẹ́ẹ̀lì náà ní hybridoma. Wọn kò gba ìwé ẹ̀tọ́ sórí ọgbọ́n náà. Ẹni tí ó béèrè, Milstein a máa fi sẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1984 ni ó kan Köhler àti Milstein, pẹ̀lú Niels Jerne.

Ní ọdún 1979, Jeffrey Ledbetter àti Herzenberg lo eku ńlá, ìbátan èkúté, láti ṣe irú àǹtíbọ́dì bẹ́ẹ̀ sí àwọn àmì ara límfósáìtì èkúté. Ọ̀kan nínú wọn, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 53-6.7, ń dá sẹ́ẹ̀lì apani mọ̀. Títí di òní olónìí ni ilé ìwádìí káàkiri ayé ṣì ń lò ó.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ń tàn kọ́ ni òtítọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ìrù àǹtíbọ́dì mú, àǹtíbọ́dì yòówù kí ó jẹ́. Wọn a sì tàn láìjẹ́ pé wọ́n ní àmì tí à ń wá. Bí ẹni tí ó yá aṣọ ẹbí wọ ni wọ́n rí. Ní ọdún 1979, Jay Unkeless ṣe àǹtíbọ́dì kan, 2.4G2, tí a kọ́kọ́ ń fi dí ọwọ́ wọ̀nyí lára èkúté kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkú sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú a máa mu aró láìyàn. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ gidi kì í fi gbàgbọ́ kí ó tó wo sẹ́ẹ̀lì tí a kò pa láró rárá, kí ó fi wé èyí tí a pa láró.

ỌJỌ́ TÍ A NÍLÒ RẸ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, ìròyìn jáde láti Los Angeles pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ń ṣe irú òtútù àyà kan tí kì í sábà mú ẹni tí ara rẹ̀ le. Michael Gottlieb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àǹtíbọ́dì aláró yẹ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò. Àwọn T olùrànlọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Àìsàn tí à ń pè ní éèdì lónìí nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó tíì mọ kòkòrò tí ó fà á, ṣùgbọ́n a ti mọ ọmọ-ogun tí ó ń pa. Bí ó bá jẹ́ pé ogún ọdún ṣáájú ni àrùn náà dé, ohun tí àwọn oníṣègùn ì bá rí kò ju límfósáìtì róbótó tí ó dínkù lọ.

Ní ọdún 1982, ìpàdé kan ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn àmì náà ní orúkọ kan náà níbi gbogbo. Àmì olùrànlọ́wọ́ di CD4, ti apani di CD8, ti ènìyàn àti ti èkúté. Nàìjíríà kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní éèdì ní ọdún 1986. Nígbà tí oògùn rẹ̀ dé, iye CD4 nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà á. Láti ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí gbogbo ẹni tí ó ní kòkòrò HIV gba oògùn láìwo iye náà, ṣùgbọ́n a ṣì ń kà á láti mọ ẹni tí ara rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì jù.

Ẹni tí ó bá tún béèrè pé kí ni ti èkúté, ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Coons kò mọ éèdì, Miller kò mọ̀ ọ́n, Herzenberg kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ojú ń ro ó nídìí máíkírósíkóòpù. Aláró mú aró wá, ẹlẹ́kúté mú èkúté wá, ẹnjiníà mú ẹ̀rọ wá, ẹnikẹ́ni kò sì há ti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlú tí ó bá ń dúró di ọjọ́ àìsàn kí ó tó wá ìmọ̀, òkú ni yóò máa kà. Èyí tí ó ti ń wá a nígbà tí ara ṣì le, òun ni ọjọ́ ìṣòro kì í bá lọ́wọ́ òfo.