Mọ́tò àkọ́kọ́ ní Íńdíà: ti iná ni àbí ti ẹsáǹsì?

Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Íńdíà lónìí ní ìbéèrè kan tí bàbá rẹ̀ kò ní. Nígbà tí Maruti 800 jáde ní 1983, òun ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́tò ti ara ẹni, ẹsáǹsì ló sì ń mu. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ Reva ní Bangalore ti ń ta mọ́tò kékeré oníná láti 2001, tí wọ́n tiẹ̀ ń gùn ún ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú orúkọ G-Wiz, ṣùgbọ́n àwọn tó rà á nílé kò pọ̀. Ìgbà tí Tata gbé Nexon EV jáde ní 2020, tó tún gbé Tiago EV tó kéré sí i jáde ní 2022, ni òṣìṣẹ́ oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé: èmi náà lè ra èyí o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Láàkì ni wọ́n fi ń ka owó mọ́tò níbẹ̀. Láàkì kan jẹ́ 100,000 rúpìì. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí mọ́tò oníná jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2019. Ti mọ́tò ẹsáǹsì kékeré jẹ́ 28, pẹ̀lú èlé díẹ̀ lórí rẹ̀, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 tí wọ́n sọ ọ́ di 18. Ọwọ́ ọ̀tún ìjọba ń ti oníná lẹ́yìn, ọwọ́ òsì sì ń ti ẹlẹ́sáǹsì. Síbẹ̀ oníná ṣì wọ́n jù, nítorí bátìrì inú rẹ̀.

Ká ní mọ́tò ẹsáǹsì kékeré kan jẹ́ láàkì 6, kí oníná tó bá a dọ́gba sì jẹ́ láàkì 9. Láàkì 3 ni ìyàtọ̀. Lítà ẹsáǹsì kan ní Delhi jẹ́ nǹkan bí 95 rúpìì ní 2025. Bí mọ́tò náà bá rin kìlómítà 16 lórí lítà kan nínú sún-kẹẹrẹ ìlú, kìlómítà kan ń jẹ nǹkan bí 6 rúpìì. Oníná kékeré lè rin kìlómítà 7 lórí kílówáàtì-wákàtí kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n ń kọ sórí ìwé owó iná. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ 8 rúpìì nílé, kìlómítà kan ń jẹ rúpìì kan àti díẹ̀. Èrè orí kìlómítà kan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 rúpìì.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo iye kìlómítà tí èèyàn máa rìn kí láàkì 3 yẹn tó padà: ó lé ní 60,000. Ẹni tó ń rin 1,500 lóṣù máa rí owó rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ẹni tó ń rin 500 lóṣù, tó kàn ń lọ sọ́jà àti ilé ìjọsìn, ó máa lé ní ọdún mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́jọ tàbí 160,000 kìlómítà ni Tata fi ṣe onídùúró bátìrì Tiago EV. Onítọ̀hún ò tíì rí owó rẹ̀ kó tí onídùúró ti kúrò nídìí bátìrì.

Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí iná ilé. Príìsì ńlá onímẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ amúlétutù, tó láti fi kún bátìrì Tiago EV tó tóbi jù ní nǹkan bí wákàtí 9 lóru. Ẹni tó ní àgbàlá tirẹ̀, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n àìmọye èèyàn ní Mumbai àti Delhi ń gbé ilé alájà púpọ̀, ibi tí ẹgbẹ́ àwọn onílé ti ń pàṣẹ lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Èèyàn lè ra mọ́tò tán kí wọ́n sọ pé kò gbọdọ̀ fa wáyà wá sísàlẹ̀. Ibùdó iná ìgboro ló kù fún un nìyẹn, iná ibẹ̀ sì wọ́n ju ti ilé lọ dáadáa. Bó bá ń san 20 rúpìì lórí ẹyọ kan, èrè orí kìlómítà kan wá sílẹ̀ sí 3 rúpìì, láàkì 3 á sì gba 100,000 kìlómítà kó tó padà. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní ibi tó máa ki iná bọ mọ́tò lóru, kó fi oníná sílẹ̀ ná.

Ní ti jíjìnnà, nígbà tí Tiago EV jáde ní 2022, ìwé ilé-iṣẹ́ sọ pé ó lè rin 315 kìlómítà. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ooru oṣù karùn-ún ní Delhi, tó lè tó ìwọ̀n 45, amúlétutù náà ń mu nínú bátìrì, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Ó tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibi tó ti ń nira ni àkókò ọdún Diwali, tí gbogbo èèyàn ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n sì ń tò nídìí ẹ̀rọ iná kan.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Láti 2024 ni MG ti ń ta Windsor láìka bátìrì mọ́ ọn: èèyàn á ra mọ́tò, á máa san owó bátìrì lórí kìlómítà, 3.5 rúpìì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó jọ ti àwọn alùpùpù oníná tó ń gbé èrò ní Kútọnu àti Lomé, tí ẹni tó ń gùn ún ń lọ pààrọ̀ bátìrì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó iná kún 3.5 yẹn, ẹ ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ẹsáǹsì mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò wíwà, oníná rọrùn, kò sí jíà tí à ń yí. Àmọ́ àkọ́ṣe máa ń fi ara gbá ògiri. Alto àlòkù tó ń mu ẹsáǹsì ò wọ́n púpọ̀, mẹkáníìkì rẹ̀ wà ní gbogbo ìkóríta, ó sì rọrùn láti tún tà. Oníná àlòkù máa ń já wálẹ̀ lówó kíákíá, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á ò mọ bí ara bátìrì ṣe rí. Ẹni tí ẹsáǹsì ń pa lára lè wo mọ́tò onígáàsì náà, tó wọ́pọ̀ ní Delhi, Mumbai àti Gujarat, bí kò bá ní í bínú pé ìgò gáàsì gba àyè ẹrù lẹ́yìn.

Ní ti èéfín, oníná ò tú èéfín sí ìgboro, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré ní Delhi nígbà òtútù. Àmọ́ èédú ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná Íńdíà.

Ẹni tó bá ti yan oníná, kó kọ́kọ́ mú ìwé owó iná ilé rẹ̀ wò kó tó san owó ìdúró. Ìwọ̀n kílówáàtì tí wọ́n fọwọ́ sí fún ilé wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2, mọ́tò nìkan lè fa ju 3 lọ, ó sì di dandan kó lọ béèrè fún àfikún ní ọ́fíìsì iná, kó sì mọ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù, bó lo iná bí ò lò ó, máa ga sí i.