Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Áńtífáírọ́ọ̀sì Lórí Kọ̀ǹpútà Alágbára Díẹ̀ ní Gúúsù Èkìtì

Nínú ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe wọ àwọn ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré àti Ìsinbọ̀dé-Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òpìtàn kì í sábà yà sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń pinnu iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan lè parí kí iná tó lọ: ìyẹn ni ìnira tí ètò adáàbòbò ń kó bá ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Ètò yìí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí áńtífáírọ́ọ̀sì, ló ń gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, èyí tí í ṣe ètò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ ibi kọ, tó ń da ara rẹ̀ kọ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, tó sì ń ba fáìlì jẹ́ tàbí kí ó jí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìtàn náà fi hàn pé ààbò tí ẹ̀rọ kò lè gbé kì í pẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ tó yọ ọ́ dànù; nítorí náà, mímú kí ẹrù ààbò fúyẹ́ jẹ́ ara ààbò fúnra rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó tàn kálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà irú èyí tí IBM ṣe ni Brain, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, kọ ní Lahore, ní orílẹ̀-èdè Pakistan, ní 1986. Inú díìsìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní flópì ló ń bá rìn. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ohun ìdènà rẹ̀ fi yọjú: ilé iṣẹ́ McAfee bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1987, Pavel Baudiš kọ ètò tó padà di Avast ní Prague ní 1988, Norton AntiVirus sì jáde ní 1991. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sábà máa ń pe ètò náà síṣẹ́, yóò yẹ díìsìkì wò, yóò sì padà sinmi. Ṣùgbọ́n bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń pọ̀ sí i, ó di dandan kí aṣọ́nà náà máa wà lójúfò nígbà gbogbo, tó fi jẹ́ pé fáìlì yòówù tí ènìyàn bá ṣí, tó bá dà kọ tàbí tó bá fi pamọ́, áńtífáírọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ gbà á yẹ̀ wò.

Ibẹ̀ ni ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí wúwo. Áńtífáírọ́ọ̀sì ní àkójọ àmì kan tí wọ́n fi ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀, ó sì ń kó o sínú RAM, ìyẹn àyè ìrántí ìgbà díẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì tuntun ṣe ń jáde ni àkójọ náà ń sanra. Yíyẹ fáìlì wò, tí wọ́n ń pè ní síkáànì, tún ń gba agbára prósẹ́sọ̀, ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò fún ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ló ń dí háàdì díìsìkì lọ́wọ́. Bí RAM bá sì kún, ẹ̀rọ yóò máa kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sórí háàdì díìsìkì kan náà tí síkáànì ti gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, lẹ́tà tí ènìyàn bá tẹ̀ yóò wá máa fara hàn lójú ẹ̀rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Àwọn ẹ̀rọ tó dé Èkìtì kò sì lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní 2001 ni Windows XP jáde, ọdún náà sì ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí wọ́n ti dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ sílẹ̀ ní 1977, àti ní àwọn ìlú mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, títẹ prójẹ́ẹ̀tì ìparí ẹ̀kọ́ di oúnjẹ òòjọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn. Ìròyìn tí ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé jáde ní 2005 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 500 kọ́nténà ohun èlò abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù. Ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì kan ní Yúróòpù ti lò títí tó fi rò pé ó ti lọ́ra jù ni ó ń di ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní Èkìtì. Windows XP lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú 64 MB RAM, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kan bá ní 256 MB péré, tí áńtífáírọ́ọ̀sì sì mú 100 MB níbẹ̀, ìwọ̀nba tó kù fún iṣẹ́ oníbàárà kò tó nǹkan.

Bẹ́ẹ̀, àìní ààbò kò ṣeé gbà láyè, nítorí pé fláàṣì, ìyẹn ohun kékeré tí a fi ń gbé fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ló ń so gbogbo ṣọ́ọ̀bù pọ̀. Windows ìgbà náà ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní autorun, èyí tó lè jẹ́ kí ètò kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti inú fláàṣì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un, ọ̀nà yìí sì wà lára àwọn tí Conficker, tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2008, gbà tàn káàkiri ayé. Fláàṣì kan ṣoṣo lè gbé àrùn láti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé dé ọ́fíìsì olùkọ́, kí ó tó dé ilé. Oṣù Kejì 2011 ni Microsoft fi àtúnṣe tó pa àṣà náà lórí fláàṣì ránṣẹ́ sí Windows XP àti Vista gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò jàǹfààní rẹ̀. Ìnira kan náà ló bá ápùdéètì, ìyẹn àkójọ àmì tuntun tí áńtífáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé: owó dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fà.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ gbà kò dọ́gba. Àwọn kan yọ áńtífáírọ́ọ̀sì kúrò pátápátá kí ẹ̀rọ lè sáré, títí di ọjọ́ tí fáìlì oníbàárà bá sọnù. Àwọn mìíràn fi méjì sórí ẹ̀rọ kan náà, wọn kò mọ̀ pé àwọn aṣọ́nà méjèèjì yóò máa yẹ ara wọn wò, tí ẹrù yóò sì di ìlọ́po méjì. Àwọn oníkàfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lo Deep Freeze, ètò tó ń dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un tàn. Ó fúyẹ́, ó sì wúlò, àmọ́ kò lè wo fláàṣì oníbàárà sàn, ohun tí ènìyàn bá sì gbàgbé sórí ibi tó dì pa yóò pòórá.

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, àwọn tó ń ṣe áńtífáírọ́ọ̀sì gba ẹ̀bi náà sí ọrùn ara wọn. Kaspersky lo ìlànà kan tó jẹ́ kí ètò rẹ̀ fo fáìlì tí kò yí padà láti ìgbà tí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Norton ti 2009, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2008, ni wọ́n tún kọ kí ó lè fúyẹ́: ó ń fo fáìlì tí a mọ̀ sí ohun rere, ó sì ń fi iṣẹ́ ńlá sí àkókò tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Panda gbé àkójọ àmì kúrò lórí ẹ̀rọ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2009, ọgbọ́n tó dára fún RAM kékeré, ṣùgbọ́n tó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dúró ṣinṣin. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni Microsoft fi Security Essentials sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó sì di 2012, Windows 8 jáde pẹ̀lú Defender, áńtífáírọ́ọ̀sì Microsoft, nínú rẹ̀. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́: ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí wọn ààbò mọ́ agbára ẹ̀rọ.

Ìyípadà yìí bọ́ sí àkókò fún Èkìtì, nítorí pé ní 2012 náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Kayode Fayemi pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, tí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, tó fi di dandan fún gbogbo ènìyàn ní 2015. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, síkáànì tí kò mọ ìgbà kì í fa ẹ̀rọ sẹ́yìn nìkan, ó tún ń jẹ bátìrì.

Ìlànà tí ìrírí ọdún wọ̀nyí kó jọ kò ṣòro. Aṣọ́nà kan ṣoṣo ló yẹ ẹ̀rọ, kò sì yẹ kí a pa ìṣọ́ rẹ̀ nítorí ìyára. Síkáànì gbogbo ẹ̀rọ ni kí a fà sí àkókò tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Defender ní ètò tó ń gbìyànjú kí síkáànì tí a ti fi àkókò sí má gba ju ìdajì agbára prósẹ́sọ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ sì lè dín in kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé síkáànì yóò pẹ́ sí i. Àwọn fódà tí a yọ kúrò nínú àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kéré, fódà tí fáìlì àjèjì ń gbà wọlé kò sì gbọ́dọ̀ sí lára wọn. Níbi tí dátà ti wọ́n, a lè gba ápùdéètì Defender lórí ẹ̀rọ kan, kí a fi fláàṣì mímọ́ gbé e lọ fún àwọn tó kù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10, bẹ́ẹ̀ Windows 11 ń béèrè 4 GB RAM ó kéré tán, pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò ní. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò ní í kúrò lórí tábìlì ní Èkìtì lọ́la, nítorí pé iṣẹ́ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ wákàtí tí iná máa ń dúró ládùúgbò rẹ̀, tó sì fi síkáànì sí wákàtí náà, ti ṣe fún ẹ̀rọ rẹ̀ ohun tí àwọn tó kọ ètò náà láti òkèèrè kò lè bá a ṣe.