Tẹ́tẹ́ Bọ́ọ̀lù Tí Òfin Fọwọ́ Sí: Oríṣi Rẹ̀ àti Ìṣirò Inú Tíkẹ́ẹ̀tì

Lọ́jọ́ Sátidé tí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń lọ lọ́wọ́, èrò kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà. Àgbẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọlọ́kadà ń bẹ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà kò gbẹ́yìn. A kọ àlàyé yìí kí ẹ̀yin olùgbé Ìbàràpá lè mọ ohun tí òfin sọ, àti ohun tí ènìyàn ń rà gan-an nígbà tí ó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ní ọdún 2005, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe òfin lọ́tìrì tí ó fi àkóso sí ọwọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 2008. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin náà, ó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò ní agbára láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti eré oríire, àfi fún Àbújá nìkan. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, Oyo State Gaming Board ni àjọ tí ó ń mójútó iṣẹ́ yìí. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà tí ń dán lára ògiri kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò sì yẹ kí a rán an lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì fún àgbàlagbà.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe àlejò láàárín wa. Àwọn bàbá wa ta pool. Face-to-Face ti wà láti àwọn ọdún 1960. Eré tí yóò parí sí ọ̀mì ni wọ́n máa ń wá kiri nínú bébà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sì wà ní ìsinmi, eré ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ń fi rọ́pò. Ohun tí ó yí padà ni pé fóònù ti sọ ọjọ́ gbogbo di Sátidé.

Ẹ jẹ́ kí a fi Shooting Stars ṣe àpẹẹrẹ, kí a ní wọ́n gba Remo Stars lálejò ní Adamásìngbà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni 1X2: 1 ni pé onílé yóò borí, X ni ọ̀mì, 2 sì ni pé àlejò yóò borí. Double chance ń jẹ́ kí ènìyàn mú méjì nínú mẹ́ta yìí, owó èrè rẹ̀ sì máa ń kéré. GG túmọ̀ sí pé ikọ̀ méjèèjì yóò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Over 2.5 ń fẹ́ àmì ayò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, under 2.5 ń fẹ́ méjì tàbí kí ó dín. Àwọn kan a máa béèrè bí ènìyàn ṣe ń gbá ààbọ̀ góòlù. Kò sẹ́ni tí ń gbá a; wọ́n fi ààbọ̀ náà síbẹ̀ kí ó má baà sí àárín.

Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré ni a ń pè ní odd. Bí odd bá jẹ́ 1.85, ẹni tí ó fi ₦1,000 sí i tí ó sì jẹ yóò gba ₦1,850, owó tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí Táíwò bá mú over, tí Kẹ́hìndé mú under, ní odd 1.85 kan náà, ₦2,000 ni wọ́n kó sílẹ̀. ₦1,850 ni ẹni tí ó jẹ yóò gbà. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ mú ₦150, ibi yòówù kí eré parí sí.

Ẹ wò ó báyìí nínú tíkẹ́ẹ̀tì tí a so eré pọ̀ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù nítorí pé odd ń di púpọ̀. Eré márùn-ún, over tàbí under, 1.85 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà 32 péré ni ó lè gbà parí. Kí a ní ènìyàn 32 mú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ₦1,000 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jẹ, yóò sì gba nǹkan bí ₦21,670. Bí ó bá jẹ́ èésú ni àwọn 32 yìí ń dá, ₦32,000 ni ẹni tí ó kàn yóò kó, yóò sì kan gbogbo wọn. Nínú tẹ́tẹ́, ₦10,330 ti bọ́ sápò ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá ń sọ pé eré kan péré ló já tíkẹ́ẹ̀tì òun, kì í ṣe eré yẹn nìkan ni ó já a. Bónọ́ọ̀sì tí àwọn kan ń fi kún un máa ń dín àlàfo yìí kù díẹ̀.

Ti virtual kò gba àlàyé púpọ̀: kò sí agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu àbájáde, eré mìíràn sì ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òun ni a rò pé ó ń tètè gbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ẹ̀gẹ́ nù jù.

Ẹni tí ó bá jẹ tí wọn kò san owó fún un, kí ó má fa tíkẹ́ẹ̀tì náà ya, kí ó má sì fi í sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀sùn rẹ̀ tọ Gaming Board lọ ní kíkọ.