Iná Tó Ń Bọ́ Ọjà Wa: Ìtàn Sítóòfù Irin Àlòkù ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

 

Nínú irú ìwé àjọ̀dún báyìí, orúkọ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ la sábà máa ń kọ, àti iye owó tó wà lápò. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í rántí kọ ìtàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń bá wa pa owó tí à ń dá náà: iná. Ta ló lè dín gàrí láìsí iná? Ta ló lè yan púpurú, tàbí sun bọ̀ọ̀lì, tàbí yan ẹja tó ti Ìgbókòdá wá? Ọjọ́ tí ohun ìdáná bá wọ́n, ọjọ́ náà ni èrè wa ń dín kù.

Ohun tí ìtàn yìí fẹ́ sọ kò pọ̀. Oríṣiríṣi iná tuntun ló ti dé bá wa, a sì lò wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíì ni iye owó wọn máa ń wà. Sítóòfù irin àlòkù tí a fi ojú ara wa yàn, tí a sì tún ṣe, ló máa ń gbà wá sílẹ̀.

ÒKÚTA MẸ́TA ÀTI IRIN YÍYỌ́

Ààrò àwọn ìyá ìyá wa kò ju òkúta mẹ́ta lọ. Igi oko ni wọ́n ń kó sí i. Òun ló bí òwe tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ràn: ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Lẹ́yìn ìyẹn ni àdògán, ìyẹn ààrò amọ̀ tó ní ẹnu níwájú, tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ iná rẹ̀ kiri.

Òwò ló gbé irin yíyọ́ wọ ilé ìdáná wa. Ní 1707, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀nà tó fi ń yọ́ irin dà sínú yanrìn láti fi ṣe ìkòkò. Ní 1709, ní Coalbrookdale, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ sun yọ́ irin, dípò èédú igi. Láti ibẹ̀ ni irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀pọ̀. Nígbà tó di 1759, ilé iṣẹ́ Carron bẹ̀rẹ̀ nítòsí Falkirk ní Scotland, òun náà sì ń ṣe ìkòkò àti sítóòfù irin. Ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń se oúnjẹ ìnáwó, irú irin yìí ni. Sítóòfù ńlá tó máa ń wà nílé ìdáná àwọn òyìnbó aláṣẹ náà, irú rẹ̀ ni.

Irin tí wọ́n yọ́ dà yàtọ̀ sí èyí tí alágbẹ̀dẹ fi òòlù lù. Ó wúwo, ó nípọn, ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n tó bá gbóná tán, kì í tètè tutù. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tẹ̀. Tó bá já lulẹ̀, ṣe ló máa là.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èédú rú wa lójú o. Èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà, wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Udi, nítòsí Enugu, ní 1909, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀rọ mànàmáná ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èédú igi ni tiwa, èyí tí wọ́n ń sun nínú igbó tí wọ́n sì ń dì sínú àpò.

EPO WÀ NÍLẸ̀, A Ń TÒ FÚN KẸROSÍÌNÌ

Sítóòfù kẹrosíìnì tí wọ́n ń pè ní Primus jáde ní orílẹ̀-èdè Sweden ní 1892. Nígbà tí irú rẹ̀ àti èyí tó ń lo òwú dé ọ̀dọ̀ wa, inú àwọn ìyá wa dùn. Kò sí igi líla mọ́, ìsàlẹ̀ ìkòkò ò sì dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ epo ò bá dé, àwọn náà ò lè dáná.

Ẹ sì wò ó, agbègbè wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Ní 1908, ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Ararọ̀mí, títí ogun àgbáyé kìíní fi dá iṣẹ́ náà dúró ní 1914. Ó di 1956 kí wọ́n tó rí epo tó ṣeé tà ní Oloibiri. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ wá epo wá sílẹ̀ rẹ̀, òun náà ló wá ń gbé gálọ́ọ̀nù tò ní ilé epo.

Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé 1994. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993, ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gágun Sani Abacha ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní July 4, 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo, ẹgbẹ́ NUPENG, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó wọ oṣù kẹsàn-án. Epo di góòlù. Ní àwọn ọdún ọ̀wọ́n epo wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ ilé padà sídìí èédú, tí àwọn èèyàn sì sọ sítóòfù eléèédú ní “sítóòfù Abacha”. Abacha kú ní June 8, 1998, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò bá a lọ.

Irin kọndẹ́mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ríìmù mọ́tò ni wọ́n máa ń jó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ nídìí, tí wọ́n á tẹ́ irin oníhò sí nínú, iṣẹ́ ti yá. Ẹ ṣì máa rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń sun àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni gáàsì wá gbòde. Nígbà tó fi máa di 2024, kílò gáàsì kan ti kọjá 1,000 náírà. Ni àwọn tó ti ju sítóòfù eléèédú sẹ́yìn ilé bá tún lọ gbé e.

BÍ A ṢE Ń RA ÀLÒKÙ

Ọwọ́ àwọn tó ń ra kọndẹ́mù la ti sábà máa ń rí sítóòfù àlòkù, tàbí lọ́wọ́ ìyá tí àwọn ọmọ ní kó sinmi òwò. Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Owó àjẹsílẹ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìfiṣeré, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ mú òkúta oofà dání. Irin á fà mọ́ ọn. Alumíníọ́mù ò ní fà. Ẹ gbé sítóòfù náà kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi irin kékeré kàn án. Tó bá dún gbaragandan bí agogo, ara rẹ̀ le. Tó bá dún gbọ̀n-ìn bí igbá tó ti là, ó ti sán níbì kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ẹ máa wò ó láti ìta bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Ìpẹtà kì í ṣe ẹjọ́, ó ṣeé ha kúrò. Irin oníhò tó jóná náà kì í ṣe ẹjọ́, ó ṣeé pààrọ̀. Ara sítóòfù tó sán ni ẹjọ́.

Ìdí ni pé irin yíyọ́ kì í gba jíjó bíi ti ríìmù mọ́tò. Wẹ́dà tí kò mọ̀ ọ́n á kàn fi ọ̀pá ìjórin lásán jó o, lójú ẹsẹ̀ tó bá tutù, á tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ mú un gbóná, á lo ọ̀pá tó yẹ ẹ́, á sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Owó ìyẹn lè ju owó sítóòfù lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ná an.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Ẹ gbọn eérú àtijọ́ jáde, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà náà, kí ẹ wá fi sáńpépà dán an. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rẹ̀, ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì ha á ní gbígbẹ, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀.

Tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ kíá, torí irin tó rí omi ò ní pẹ́ dípẹtà. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, díẹ̀ ṣá o, kí ẹ dá iná kékeré sí i níta títí èéfín òróró náà á fi tán. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ fi ọ̀pá irin ṣe irin oníhò tuntun. Ẹ má ṣe gé páànù sí i, torí síǹkì ara páànù máa ń yọ èéfín tó ń ṣeni léṣe tó bá rí iná.

Ẹ tún lè fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀. Àwọn ará Kenya ṣe irú èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ń pè é ní jiko: irin níta, amọ̀ sísun nínú, èédú tó ń jẹ sì dín kù. Ọgbọ́n àdògán ìyá wa náà kọ́ yẹn? Paríparí rẹ̀, ẹ má da omi tútù sí irin tó gbóná láé.

ÈÉFÍN Ò MỌ ỌLỌ́JÀ

A ò ní torí pé à ń yin èédú ká pa irọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ohun ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní 2020. Èédú tó ti pọ́n, tí a rò pé kò léèéfín, ń tú afẹ́fẹ́ kan tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn. Nínú yàrá tí a ti pa, ó lè pa gbogbo ilé sójú oorun. Torí náà, abẹ́ àtíbàbà tàbí ìta gbangba ni ààyè sítóòfù yìí. Ẹ má gbé e wọlé sùn torí òtútù tàbí ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá lágbára gáàsì, kó máa lò ó. Ṣùgbọ́n kó má ta sítóòfù irin rẹ̀ fún àwọn tó ń ra kọndẹ́mù.

Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935. Ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ ni pé owó kékeré tí a kó jọ lágbára ju owó ńlá tí a ń retí. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítóòfù àlòkù tó wà lọ́wọ́ rí sí iná ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣèlérí. Ẹ̀yin ọmọ wa, tí ẹ bá bá irin dúdú kan lẹ́yìn ilé ìyá yín, ẹ má ṣe gbé e sọnù. Owó ilé ìwé yín lè ti ibẹ̀ jáde.

Ọjà wa ò ní tú. Iná ayọ̀ ò ní kú nínú ilé wa. A ó tà, a ó jèrè, a ó sì tún ṣe ti ọdún tó ń bọ̀. Àmín.