Àwọn Ọmọdé Footscray

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń fi olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe yẹ̀yẹ́, kó wá gbọ́ ìtàn Footscray, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Melbourne ní Ọsirélíà. (Bọ́ọ̀lù tiwọn, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a.) Wọ́n wọ líìgì ńlá ní 1925, wọ́n gba ife ní 1954, ó sì parí síbẹ̀. Ní 1989, wọ́n fẹ́ pa ẹgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ Fitzroy nítorí àìlówó. Àwọn ará àdúgbò gbé agolo káàkiri, wọ́n tu owó jọ, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Western Bulldogs ni wọ́n ń pè é láti 1997.

Ìparí 2014 le ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi. Ryan Griffen, balógun wọn, ní òun ń lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Brendan McCartney, olùkọ́ wọn, náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló kù? Àwọn ọmọdé bíi Marcus Bontempelli, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni àwọn olólùfẹ́ gbójú lé.

Luke Beveridge gba iṣẹ́ olùkọ́. Ní 2016, ipò keje ni wọ́n wà kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀; kò sí ẹgbẹ́ tó ti ibẹ̀ gba ife rí. Wọ́n lu Hawthorn, tó ti gba ife ní ọdún mẹ́ta léraléra. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October, wọ́n na Sydney, 89 sí 67. Ọdún 62 ni wọ́n ti ń retí rẹ̀!

Bob Murphy, balógun tuntun, kò lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà nítorí orúnkún rẹ̀ tó ti bàjẹ́. Beveridge pè é sórí pèpéle, ó bọ́ mẹ́dàlì ọrùn ara rẹ̀, ó sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Murphy dá a padà fún un lẹ́yìn náà.