Ìtọ́jú Mailman, Ètò Tó Ń Pín Lẹ́tà Orí Kọ̀ǹpútà

Mailman jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó máa ń gba lẹ́tà kan ṣoṣo, tí yóò sì pín in fún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. John Viega ló kọ́kọ́ ṣe é. Barry Warsaw sì darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí Linux àti àwọn ẹbí Unix mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́.

Àǹfààní rẹ̀ hàn níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ti yára. Olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tẹ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n oko tí a kò bá ro yóò di igbó. Èdè Python 2 ni wọ́n fi kọ Mailman 2, àtúnṣe èdè náà sì dópin ní ọdún 2020. Ní ọdún 2021, Debian 11 jáde láìsí Mailman 2 nínú rẹ̀. Mailman 3, tó ti wà láti ọdún 2015, ló kù. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kì í dá kó ara rẹ̀ lọ sínú tuntun. Nítorí náà, kí alábòójútó tó yí padà, ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti lẹ́tà àtẹ̀yìnwá, kí iṣẹ́ ọdún pípẹ́ má baà ṣòfò.