Ọmọ Tí Ó Gbé Òkú Bàbá Rẹ̀ Wálé

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé: "Ẹni ọmọ sin ni ó bímọ." Ẹ jẹ́ kí a jọ ka ìtàn ọmọ kan tí ó sin bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó tó gbé e wálé, bàbá náà ti kú fún ohun tí ó lé ní ọdún 21.

Gbẹ̀hánzìn ni orúkọ bàbá náà. Béhanzin ni àwọn Faransé ń kọ ọ́. Òun ni ọba Dàhọ̀mì, Agbómẹ̀ sì ni ààfin rẹ̀ wà. Ní ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds ṣe olórí wọn wọ Agbómẹ̀. Ọba sá wọ inú igbó. Ní oṣù kìíní ọdún 1894, ó fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní Goho.

Ẹ lè bi wá pé: kí ni ó kan Ànàgó nínú ọ̀rọ̀ ọba Agbómẹ̀? Ìbéèrè yín tọ́. Ní ọdún 1886, nígbà tí Glèlè, bàbá Gbẹ̀hánzìn, ń jọba, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Agbómẹ̀, àwọn ará Kétu tí ó ṣẹ́kù padà wálé, wọ́n sì tún ìlú wọn kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú sí oko ẹrú kò bá wọn padà. Nítorí náà, àwa Ànàgó mọ bí ó ti ń dun ènìyàn tó kí ara ilé rẹ̀ kú sí ibi tí kì í ṣe ilé.

Àwọn Faransé gbé Gbẹ̀hánzìn la òkun kọjá lọ sí erékùṣù Màtíníkì. Díẹ̀ nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ bá a lọ, àti àwọn ọmọ rẹ̀ kan. Ouanilo, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wà nínú wọn. Ọmọdé ni nígbà náà. Ọdún 12 ni ọba lò ní ìgbèkùn. Léraléra ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sí ilẹ̀ òun. Ìjọba Faransé kò gbà. Ní ọdún 1906, wọ́n mú un kúrò ní Màtíníkì lọ sí Àlgéríà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Ouanilo ti kàwé ní Màtíníkì. Ó tún kàwé sí i ní Àlgéríà àti ní ilẹ̀ Faransé, títí ó fi di agbẹjọ́rò. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó wọ iṣẹ́ ológun Faransé. Síbẹ̀, kò gbàgbé ibojì bàbá rẹ̀. Ó ń bẹ ìjọba títí wọ́n fi gbà. Ní ọdún 1928, ó gbé egungun bàbá rẹ̀ wá sí Dàhọ̀mì, wọ́n sì sin ín ní Djimè, ní Agbómẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí Ouanilo ti ń padà lọ sí ilẹ̀ Faransé, àìsàn mú un lójú ọ̀nà. Ó kú ní Dákà, ní ọdún 1928 kan náà. Ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n sin ín sí. Ẹni tí ó gbé bàbá rẹ̀ wálé, òun fúnra rẹ̀ kò dé ilé. Ó di ọdún 2006 kí wọ́n tó gbé egungun tirẹ̀ wá sí Agbómẹ̀. Ọdún 78 ni ó fi wà lẹ́yìn odi.

Kí ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí? Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n òkú kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ẹni tí ó wà láàyè ni yóò lọ gbé e. Láyé àtijọ́, bí ọ̀nà bá jìn jù, wọn a gé irun àti èékánná òkú, wọn a gbé e wálé, wọn a sì sin ín bí ẹni sin òkú gan-an. Lónìí, àwọn ọmọ wa wà ní Gàbọ́ọ̀nù, ní Kọtidifúà, àti ní ilẹ̀ Faransé. Bí ọ̀kan bá kú níbẹ̀, a óò gba ìwé ikú. A óò gba ìwé àṣẹ láti gbé òkú kọjá ibodè. A óò ra àpótí tí wọ́n dí pa. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó: bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ilé olóògbé, ta ni wọn yóò ránṣẹ́ sí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín tí ó wà ní àjò, àti ìlú tí ó wà. Ẹ sọ fún òun náà kí ó kọ orúkọ abúlé yín àti orúkọ bàbá rẹ̀, kí ó sì fi pamọ́ sínú àpò rẹ̀.